Òórùn Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú

Àwọn oníbàárà Hùmúàní kì í wọlé mọ́. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ wọlé kí i, lójijì ojú wọn á yí padà, wọ́n á sì fà sẹ́yìn sábẹ́ páànù iwájú ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ké sí i pé ohun báyìí báyìí làwọn fẹ́ rà. Ẹlòmíràn á fi etí gèlè bo imú bíi pé eruku ló ń sá fún. Kò sì sí eruku kankan níta. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù.

Gbogbo rẹ̀ ni Hùmúàní ń rí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bi èèyàn pé òórùn kí ni wọ́n ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀, òun yìí kan náà ni gbogbo Ọjà-Ọ̀dàn ń pè ní Ìyá Alátùràrí. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń ta tùràrí àti lọ́fínńdà olóròóró tí wọ́n máa ń rọ sínú ìgò kéékèèké. Àwọn tó ń ti òdìkejì bodè wá, tí Faransé ń já wọ inú Yorùbá wọn, òun ni wọ́n ń béèrè tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Á kán lọ́fínńdà díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ èèyàn, á gbé ọwọ́ náà súnmọ́ imú, á dijú, á ní, "Èyí ò bá ara yín lọ. Ẹ gba tọ̀hún." Kì í ṣì í.

Kòrónà ló bà á jẹ́. Ní ọdún tí àìsàn náà tún yí padà dé, nígbà tí ìbòmú ti sú gbogbo ayé, ibà wọlé ti òun àti Jibril ọkọ rẹ̀ papọ̀. Wọ́n gbé Jibril lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn náà sí, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé. Àwọn tó wọ aṣọ funfun bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló sin ín. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n oògùn apakòkòrò sára pósí, wọ́n ní kí Hùmúàní àti Toyibat ọmọ rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Atẹ́gùn gbé òórùn náà wá bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí, Toyibat sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Hùmúàní ò gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́ òórùn oògùn, kò gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Imú rẹ̀ ti kú lórí àìsàn, ó sì rò pé tí ara bá ti yá, imú náà á jí.

Ara yá. Imú ò jí.

Ọdún kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ di omi gbígbóná lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀gúsí di ìwé tó rẹ sínú omi. Lọ́jọ́ kan ó jókòó ti ẹ̀wà lórí iná títí tó fi di èédú, àwọn ará ilé kejì ló sáré wọlé wá sọ fún un. Ó ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí nítorí kò mọ̀ bóyá òógùn ti wà lára rẹ̀. Tí èèyàn bá súnmọ́ ọn jù, ara rẹ̀ á kó tìọ̀. Dókítà obìnrin kan tó rí ní Ìlaròó sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe, àwọn tó ní irú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó ní kó máa gbé kànáfùrù, atalẹ̀, èèpo ọsàn àti lọ́fínńdà òdòdó sí imú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó sì máa rántí bí òórùn wọn ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí imú lè tún ọ̀nà mọ̀.

"Ó lè pẹ́ o, Mà," ni dókítà wí. "Ẹ má jẹ́ kó sú yín."

Ó sú u. Ó ṣáà ń ṣe é, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé kò séèyàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tùràrí tó máa ń sun nínú ilé ní gbogbo àṣálẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyẹn ló fi sílẹ̀ pátápátá. Èéfín lásán ni lójú rẹ̀ báyìí. Àwọn àgbà obìnrin tó kọ́ ọ ní òwò náà ti sọ fún un rí pé kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni wọ́n fi ń sun ún, pé ó tún ń lé ohun tí kò yẹ kó wọlé. Kò tilẹ̀ rántí.

Inú ilé tí kò ti sí tùràrí mọ́ yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú wá gba yàrá sí.

Ọ̀sán gangan ló dé. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, eruku funfun sì wà nínú irun orí rẹ̀ àti lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní òun ń wa ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ibese, pé níbi tí òun ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí òun kẹ́rù òun jáde.

"Kí lẹ ṣe fún wọn?" Hùmúàní bi í.

"N ò mọ̀, Mà. Wọn kì í sọ. Wọ́n kàn máa ń ní kí n máa lọ."

Nígbà tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìka ọwọ́ ọkùnrin náà kan tirẹ̀. Ó tutù bí ẹ̀gbẹ́ àmù. Hùmúàní rò pé bóyá omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọwọ́. Ó fún un ní ẹní kan tó fi okùn dì, ó ní kó máa lò ó títí yóò fi ra ibùsùn.

Ayálégbé dáadáa ni. Kì í pariwo, kì í gba àlejò, kì í dáná. Ohun kan ṣoṣo tó ń ya Hùmúàní lẹ́nu ni wíwẹ̀ rẹ̀. Á wẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ lọ́sàn-án, á tún wẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí ẹni tí wọ́n bú pé ó dọ̀tí. Síbẹ̀, eruku funfun yẹn kì í kúrò lára rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bá Hùmúàní lórí àga níwájú ilé, tó gbé kànáfùrù sí imú, tó dijú.

"Kí lẹ̀ ń gbọ́, Ìyá Toyibat?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Hùmúàní máa rí eyín rẹ̀. "Èmi náà nìyẹn. Láti ìgbà Kòrónà ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀. Tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Ọlágúnjú á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, wọ́n á máa fi ìgò tó kó àwọn nǹkan náà sí lọ, wọ́n á máa fi bọ̀. Nígbà tí imú wọn ò ti ṣiṣẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọlágúnjú á ní, "Kànáfùrù. Eyín ń dùn mí ní kékeré, ìyá mi há a sí i, mo sunkún." Hùmúàní á ní, "Atalẹ̀. Ìgbà tí mo bí Toyibat, gbogbo yàrá ló gba òórùn rẹ̀." Nígbà mìíràn wọ́n á kàn máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó ti pẹ́ tí Hùmúàní ti jókòó ti ẹni tí kò ní kí ó gbìyànjú, tí kò ní yóò dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ìrọ̀lẹ́ padà nítorí ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó máa ń bu tirẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ọlágúnjú á gé òkèlè, á mú un lọ́wọ́ títí yóò fi tutù, á sì rọra dá a padà sínú àwo.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Toyibat, tó bá jẹ́ tiyín ló kọ́kọ́ padà, ẹ dákun, ẹ sọ bí mo ṣe ń rùn fún mi."

"Ẹ̀ ń rùn kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Wọ́n kàn ń sá ni. Nínú ọkọ̀, nílé oúnjẹ, níbi tí mo bá gbé. Wọ́n á bo imú, wọ́n á máa wo ibòmíràn. Mo wẹ̀ títí, ó sú mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Hùmúàní. Ìbẹ̀rù tirẹ̀ gan-an ni ọkùnrin náà ń sọ jáde lẹ́nu. Ó ṣèlérí fún un.

Nígbà tí ilé ìwé gbà wọ́n láyè díẹ̀, Toyibat ti poli ní Ìlaròó wálé. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ojú títì. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tó fi ju báàgì sílẹ̀, tó sáré lọ sẹ́bàá gọ́tà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá rẹ̀ bomi fún un, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

"Kí ló dé? Kí lo jẹ?"

"Màmi, kí ló wà nínú ilé yìí?"

"Kí ló ń rùn?"

Toyibat nu ẹnu. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó wà lẹ́bàá àkéte aláìsàn lọ. "Òórùn ọjọ́ yẹn ni. Ọjọ́ tí wọ́n sin Bàbá mi. Oògùn tí wọ́n fọ́n yẹn, àti ilẹ̀ yẹn. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé." Ó nawọ́ sí yàrá ẹ̀gbẹ́. "Ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Ayálégbé mi ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé e."

"Kí n wá sọ pé kí ló ṣe?"

Toyibat gbé báàgì rẹ̀. Kò sun ilé lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló lọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó padà sí Ìlaròó. Hùmúàní jókòó síwájú ilé, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbẹ́ tó wà ní títì. Ó rò pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun. Àárẹ̀ ló kàn ń mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin ará Ìlárá kan wá ra tùràrí. Arẹwà obìnrin ni, ó so gèlè dúdú, orúkọ rẹ̀ ni Rẹ̀mí. Òun náà dé ẹnu ọ̀nà, ó fà sẹ́yìn bíi ti àwọn yòókù, Hùmúàní sì jáde lọ bá a lábẹ́ páànù. Wọ́n ń yan tùràrí lọ́wọ́ nígbà tí Ọlágúnjú sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní òdìkejì títì. Ó sọdá, ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Tùràrí bọ́ lọ́wọ́ Rẹ̀mí. Ó yíjú sí ògiri, ó fi iwájú orí kan ún.

"Ta lọkùnrin tó kọjá yẹn, Mà?"

"Ọlágúnjú ni. Ó gba yàrá lọ́dọ̀ mi."

"Ọlágúnjú." Obìnrin náà pe orúkọ náà bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan gbígbóná wò. "Bàbá Ìdùnnú. Ọkọ mi ni, Mà. Kòrónà ló pa á. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, wọ́n ní kí a dúró lọ́ọ̀ọ́kán ká máa wò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dé ẹ̀gbẹ́ pósí, kí n pe orúkọ ẹ̀, kí n sọ pé ó dìgbà. Wọ́n ní kò sáyè. Ìdùnnúolúwa ọmọ wa ń béèrè lọ́wọ́ mi títí dòní pé ṣé lóòótọ́ ni bàbá òun wà nínú pósí yẹn."

Hùmúàní yíjú sí ẹ̀yìn ilé. Etí rẹ̀ ń gbọ́ omi tó ń dà látẹ̀yìn ilé. Ọlágúnjú ti ń wẹ̀.

"Ṣé kí n pè é fún yín?" ló wí níkẹyìn.

"Rárá!" Rẹ̀mí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àkúdàáyà kì í dúró tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti rí i. Tó bá rí mi báyìí, ó lọ nìyẹn. Mi ò lè tún dúró wo àlọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Ó nu ojú, ó ṣa tùràrí rẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi pé ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù láyé. "Bó bá ń bọ̀ wá fẹ́ lọ fúnra ẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní ó dìgbà. Ẹ má gbàgbé, Mà."

Ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ọlágúnjú gbé àpótí rẹ̀ jáde, omi ṣì ń kán nírun rẹ̀, eruku funfun ṣì wà níbẹ̀. Ó kí i, ó jókòó. Hùmúàní rò pé òun á sá wọlé. Kò dìde. Nítorí kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, ó ṣí ìgò kànáfùrù, ó gbé e sí imú.

Ó gbọ́ ọ.

Ó kọ́kọ́ rò pé ìrántí ni. Ó tún fa atẹ́gùn sínú. Kànáfùrù ni, mímú, gbígbóná, ó wọ inú imú rẹ̀ lọ títí dé ọ̀fun, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn òróró orí ara rẹ̀. Ó gbọ́ ilẹ̀ tó rẹ, èéfín igi láti ilé kejì, epo tó ń gbóná níbì kan. Gbogbo ayé ń wọlé padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà ni atẹ́gùn yí, òórùn mìíràn sì dé: oògùn líle tó ń ta imú, àti lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ tútù láti ìsàlẹ̀ jíjìn níbi tí oòrùn kì í dé. Kò tíì gbọ́ ọ rí, ó sì mọ̀ ọ́n. Báyìí ni ọjọ́ tí wọ́n sin Jibril ṣe rùn. Ó ti dúró níbẹ̀ láìgbọ́ ọ.

"Ó ti dé," ni Ọlágúnjú wí. Ó ń wo ojú rẹ̀.

"Ó ti dé."

"Ẹ sọ fún mi."

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni, ì bá wí, sìmẹ́ńtì àti òógùn. Ọkùnrin náà ì bá padà jókòó bẹ́ẹ̀ lọ́la, àti lọ́tùn-únla. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, ó sì ti rẹ àwọn méjèèjì.

"Òórùn oògùn tí wọ́n fọ́n sára pósí ọkọ mi ni," ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Oògùn náà, àti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́."

Ọlágúnjú fi àtàǹpàkò nu eruku ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó.

"Mo ti ń fura pé kì í ṣe sìmẹ́ńtì," ló wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Rẹ̀mí ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó súnmọ́ yín ni. Ó fẹ́ pe orúkọ yín, wọn ò gbà. Ó ní kí n sọ fún yín, Bàbá Ìdùnnú. Ó ní ó dìgbà."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Hùmúàní ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀, òun ò gbọ́ kó mí rí.

"Kànáfùrù yẹn," Ọlágúnjú wí bó ṣe ń dìde, "ṣé bó ṣe máa ń rí náà ló ṣì rí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Toyibat."

Ó mú ojú títì pọ̀n. Ojú títì náà gún gbọọrọ, kò ní kọ́nà, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Hùmúàní ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá láàárín wọn, ó gbé eruku. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, kò sẹ́nikẹ́ni lójú títì mọ́.

Nínú yàrá ẹ̀gbẹ́, kò bá aṣọ, kò bá bàtà. Ẹní tó fún un wà níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e tì. Okùn tó fi dì í ò tíì tú.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òórùn náà kúrò nínú ilé. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé padà, wọ́n ń nawọ́ sí Ìyá Alátùràrí, ó ń gbọ́ ọ, ó ń dijú, kì í ṣì í. Toyibat wálé, ó jẹun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n jọ sunkún lórí àlùbọ́sà tí wọ́n ń gé. Hùmúàní ní òun á lọ bá dókítà yẹn dúpẹ́.

Ó wọ ọkọ̀ Ìlaròó láàárọ̀. Ọkọ̀ kún, dírẹ́bà ń bá ẹnì kan jà lórí ẹrù, gbogbo inú rẹ̀ gba òórùn bẹntiróòlù àti búrẹ́dì gbígbóná. Níwájú díẹ̀, obìnrin kan wọlé, ó gbé ọmọ tí kò sí lójú oorun dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó ti Hùmúàní. Bó ṣe jókòó tán, àwọn tó wà níwájú ṣí fèrèsé. Ọkùnrin ẹ̀yìn fi ọwọ́ bo imú, ó ń wo ìta.

Oògùn náà ni, àti ilẹ̀ tútù.

Hùmúàní wo ọwọ́ obìnrin náà tó ń nu itọ́ lẹ́nu ọmọ. Ó wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń fi ìka kékeré fa etí gèlè rẹ̀. Òórùn náà ò sí lára ọmọ. Ara ìyá nìkan ló ti ń wá.

"Ẹ má bínú, Mà," obìnrin náà wí lóhùn ìsàlẹ̀, ojú ń tì í. "Ṣé mò ń ni yín lára ni? Mi ò mọ ohun tó dé, àwọn èèyàn ṣáà ń sún fún mi níbi gbogbo."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Hùmúàní. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ ò ni mí lára," ó wí. Ó gba ọmọ náà sí orí itan, kí ìyá rẹ̀ lè jókòó dáadáa.